Perpétue, obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀

Perpétue àti Félicité: orúkọ ìrìbọmi ọ̀pọ̀ obìnrin ni ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Kika léèrè ibi tí àwọn orúkọ náà ti wá, wọ́n ní láti ilẹ̀ Faransé ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni àwọn méjèèjì gbé, ìlú Carthage, nítòsí Tunis òde òní, ni wọ́n sì kú sí.

Ní ọdún 203, àwọn ará Róòmù ló ń ṣe àkóso ibẹ̀. Septime Sévère ló wà lórí oyè, ọmọ Áfíríkà ni òun náà, ilẹ̀ Líbíà ni wọ́n ti bí i. Wọ́n mú Perpétue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìrìbọmi. Ọmọ ọdún 22 ni, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Félicité jẹ́ ẹrú, ó sì lóyún oṣù mẹ́jọ.

Perpétue kọ̀wé nínú ẹ̀wọ̀n. Ó kọ nípa òkùnkùn, nípa ooru, nípa àníyàn ọmọ rẹ̀. Ó kọ nípa baba rẹ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun, tó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣàánú òun. Ọmọ náà nawọ́ sí ìkòkò kan: ṣé a lè fi orúkọ mìíràn pè é? Òun náà kò lè pe ara òun ní ohun mìíràn ju Kristẹni lọ. Èmi kò lè ka ibẹ̀ láìdúró díẹ̀. Baba náà kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ni.

Òfin kò gbà kí wọ́n pa aboyún. Ẹ̀rù ń ba Félicité pé wọn yóò fi òun sílẹ̀ kú lẹ́yìn àwọn yòókù, láàárín àwọn ọ̀daràn. Ó bí ọmọbìnrin sínú ẹ̀wọ̀n, Kristẹni kan sì gbà á tọ́.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, wọ́n kó wọn lọ sí pápá tí èrò ti ń wòran. Wọ́n tú abo màlúù ẹhànnà sí àwọn obìnrin méjèèjì. Perpétue, ọmọ ìdílé ọlọ́lá, dìde, ó fa ẹrúbìnrin náà lọ́wọ́ sókè, wọ́n sì jọ dúró. Idà ni wọ́n fi pa wọ́n níkẹyìn.

Ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn náà, Augustin, bíṣọ́ọ̀bù Hippone ní ilẹ̀ Àlùjéríà òde òní, ṣì ń wàásù ní ọjọ́ àjọ̀dún wọn. Ìwé Perpétue wà títí di òní. Ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni ó kọ ọ́ mọ. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ni kí ó kọ ìyókù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì kọ ọ́.