Òfin Eyín Jíà nínú Eré Ìje Àwọn Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níwájú yín lè dà bí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin àti ẹ̀tọ́ ni mo kà á sí. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Sports Car Club of America, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ọkọ̀ díje lábẹ́ rẹ̀ kì í fi eré náà jẹun; owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìbéèrè tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè yẹ̀ fún ni èyí: ta ni ó yẹ kí ó gbégbá orókè, ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà ni, àbí ẹni tí ó rówó ra eyín jíà?

Bí ìyípo ẹ́ńjìnnì bá lọ sílẹ̀ jù, agbára rẹ̀ a dín kù. Iṣẹ́ jíà ni láti mú un dúró níbi tí agbára wà. Ẹ jẹ́ kí á wo Mazda Miata ti 1990 sí 1993. Jíà kejì rẹ̀ jẹ́ 1.888, ẹ̀kẹta jẹ́ 1.330. Awakọ̀ tí ó bá yí ẹ́ńjìnnì dé ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan nínú jíà kejì yóò rí i pé ó já sí nǹkan bí 4,930 nígbà tí ó bọ́ sí ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá ra eyín tí ó sún mọ́ ara wọn ju báyìí lọ, tirẹ̀ kò ní já tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni yóò sì fi fi ẹnì kejì rẹ̀ sẹ́yìn.

Eyín ìdí ọkọ̀ tún wà. Ti Miata yìí jẹ́ 4.30, èyí tí Mazda ṣe ní 1994 sí 1997 jẹ́ 4.10. Bí àyíká táyà bá jẹ́ mítà 1.8, ní jíà kẹrin, tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 7,000, ti àkọ́kọ́ yóò sá kìlómítà 176 ní wákàtí, èkejì 184, ṣùgbọ́n 4.30 ni yóò tètè fa ọkọ̀ jáde ní kọ́nà. (Táyà gan-an, jíà tí kò léyín ni: ẹni tí ó bá fi èyí tí ó kéré sí i ti yí jíà padà láì tú nǹkan kan.)

Nínú Formula Ford, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, jíà mẹ́rin ni òfin gbà fún lílọ síwájú, ṣùgbọ́n olúkúlùkù lè yan eyín tí ó bá pápá ìje mu. Èyí bọ́gbọ́n mu, àfi pé ẹni tí ó ní eyín púpọ̀ nínú àpótí rẹ̀ ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Spec Miata gba ọ̀nà mìíràn: jíà tí Mazda fi sínú ọkọ̀ ni kí ó wà níbẹ̀. Bí pápá kan kò bá bá eyín wọ̀nyí mu, gbogbo wọn ni ó jọ ń ni lára. Nínú ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní Production, ẹni tí ó bá lo jíà àkànṣe yóò ru ìwúwo kún ọkọ̀ rẹ̀. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí. Ìwúwo lè mú ọkọ̀ méjì dọ́gba. Kò lè mú àpò méjì dọ́gba.

Ohun tí ó jẹ́ kí n fara mọ́ òfin tí ó de jíà ni pé ó ṣeé yẹ̀ wò. Kí a tó mọ ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, àfi kí a tú u. Ní ti eyín ìdí ọkọ̀, jáàkì àti ẹfun tó. Ẹ gbé ìdí ọkọ̀ sókè, kí ẹ bọ́ jíà kúrò, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan àti sí ọ̀pá tí ó ti inú àpótí jíà wá. Kí ẹnì kan di ẹsẹ̀ kejì mú ṣinṣin. Ẹ wá yí ẹsẹ̀ tí ẹ sàmì sí ní ìgbà méjì gééré, kí ẹ máa ka ìyípo ọ̀pá. Bí ó bá yí ní ìgbà mẹ́rin àti ìdámẹ́wàá kan, 4.10 ni, bí ó bá sún mọ́ mẹ́rin àti ìdámẹ́ta kan, 4.30 ni.