Aró tó ń tú àṣírí ẹ̀jẹ̀: Bí dókítà ṣe ń mọ ọmọ tí ara rẹ̀ kò lè pa kòkòrò àrùn

Oówo kan kò tíì jiná tí òmíràn yóò fi yọ. Ọrùn ń wú, ẹ̀dọ̀fóró ń kó àrùn, oògùn kò sì ràn án. Bí ìyà ṣe jẹ àwọn ọmọkùnrin kan tí àwọn dókítà ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 1957 nìyẹn. Èyí tó rú wọn lójú ni pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí í ṣe ọmọ-ogun ara, kò wọ́n lára wọn. Síbẹ̀, ikú ń pa wọ́n.

Ọdún 1967 ni àṣírí bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun tó pé bá ti gbé kòkòrò mì, kíá ni yóò po májèlé tí yóò fi pa á. Lára rẹ̀ ni hydrogen peroxide, ohun kan náà tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò. Sẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ wọ̀nyí ń gbé kòkòrò mì o, ṣùgbọ́n kò rí májèlé pò. Kòkòrò a sì máa gbé inú rẹ̀ bí ẹni gbé ilé bàbá rẹ̀. CGD ni wọ́n ń pe àìsàn náà lónìí.

Májèlé yìí kì í pẹ́ pòórá, ojú lásán kò sì lè rí i. Aró ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi oríṣiríṣi aró bẹ́ẹ̀ wéra, dihydrorhodamine ló sì ta yọ. Aró náà kì í tàn fúnra rẹ̀. Wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, wọn yóò wá fi kẹ́míkà kan tọ́ sẹ́ẹ̀lì náà níjà bí ẹni pé ọ̀tá dé. Bí májèlé bá jáde, aró yóò yí padà. Bí ẹ̀rọ bá sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí i, yóò kọ mànà ní àwọ̀ ewé. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ tó ní CGD yóò ṣókùnkùn, tàbí kó kàn tàn bàìbàì.

Ibi tó yani lẹ́nu jù ni ẹ̀jẹ̀ ìyá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá tí kò mọ nǹkan kan ló gbé àìsàn yìí fún ọmọkùnrin rẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀ wò, ọ̀nà méjì ni yóò pín sí: apá kan ń tàn, apá kejì dúdú. Obìnrin tí àwọn ará ilé ọkọ ìbá máa pè ní ìyá àbíkú, ẹ̀rọ ti sọ ohun tó ń ṣe é.

Aró yìí náà a máa ṣini lọ́nà. Sẹ́ẹ̀lì mìíràn ń po májèlé dáadáa, ṣùgbọ́n èròjà tó ń ran aró lọ́wọ́ láti tàn ni kò sí nínú rẹ̀. Òun náà yóò ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń yẹ apilẹ̀ àbùdá ọmọ wò kó tó dájọ́.

Bí wọ́n bá tètè mọ̀, Septrin tí gbogbo wa mọ̀ ni dókítà sábà máa ń ní kí ọmọ máa lò lójoojúmọ́, pẹ̀lú oògùn tó ń dènà irú nǹkan tó ń mú búrẹ́dì bu. Àwọn mìíràn ń gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹlòmíràn, kí ara wọn lè máa ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun. Aró kan náà ni wọ́n tún ń fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lẹ́yìn náà, láti mọ iye sẹ́ẹ̀lì tó ti ń tàn.