Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Mọ̀ Pé Táǹkì Epo Bàálù Kò Jò?

Fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìjàrẹ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí: ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù, ó tì í bọ omi, ibi tó bá ti ń hó ló ti ń jò. Táǹkì bàálù ńlá kò ṣeé tì bọ omi, nítorí pé inú apá rẹ̀ ni epo máa ń wà; ara apá náà ni ògiri táǹkì, gọ́ọ̀mù àkànṣe ni wọ́n sì fi ń dí ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n á fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, wọ́n á fi omi ọṣẹ pa ojú ìsopọ̀, wọ́n á máa wo géèjì àti ìhó.

Kí irú bàálù bẹ́ẹ̀ tó gba ìwé-ẹ̀rí, òfin Amẹ́ríkà, FAR 25.965, ní kí táǹkì rẹ̀ fara da 3.5 psi, ó kéré tán, láìjò. Táyà mọ́tò ń gba nǹkan bí 30, ṣùgbọ́n lórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, 3.5 psi ju ẹrù tọ́ọ̀nù méjì lọ. Táǹkì tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì fẹ̀, wọ́n á rọ omi sí i dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, wọ́n á gbọ̀n ọ́n fún wákàtí 25, wọ́n á tún mì ín síhìn-ín sọ́hùn-ún fún wákàtí 25. Gbígbọ̀n lójoojúmọ́ ló ń tú ojú ìsopọ̀.

Bí epo bá hàn lábẹ́ apá lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú 30, wọ́n á wá wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí kò tó ínǹṣì kan lè jẹ́ àbàwọ́n lásán. Èyí tó ń ṣàn, àtúnṣe ló kàn.

Táǹkì nìkan kọ́ ló ń gbé epo. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, 2012, bàálù MD-83 ti Dana Air tó ń bọ̀ láti Àbújá já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá, l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú àwọn mìíràn nílẹ̀. Ìròyìn ìwádìí AIB sọ pé àwọn páìpù tó ń pín epo nínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti bàjẹ́, àwọn kan ti sán, àwọn kan ti wọ́, epo sì ń jò dànù. Ẹ́ńjìnnì kìn-ín-ní ti lọ fún àtúnṣe ńlá, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ̀lé SB 6452, ìwé tí àwọn tó ṣe é fi dámọ̀ràn páìpù tuntun. Ìròyìn náà tún ní àwọn awakọ̀ kò lo checklist, wọn kò sì balẹ̀ sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn jù.

Ìwé-ẹ̀rí ń sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò lè ṣojú ìyẹ̀wò ọ̀la. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: kí ni mo fi ojú ara mi rí?