Ẹmu Gidi Kì Í Dúró Sójú Kan: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọ Wò àti Oúnjẹ Tó Bá A Mu

 

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ kan ní Kabusa níbí, a yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́, a ra ẹmu kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta láti fi ṣe àlejò. Àwọn àgbà Gbàgyí tó ni ilẹ̀ tí à ń gbé wà níjokòó. Bàbá kan nínú wọn mu ẹnu kan, ó gbé ife kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó yé wa: àbùlà ni. Ojú tì wá gan-an. Àbùlà dára tó bá jẹ́ gbẹ̀gìrì àti ewédú; kò dára nínú ẹmu. Ìdí nìyí tí a fi ní ká jọ là á yé ara wa.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹmu?

Ara ọ̀pẹ tí à ń ká eyìn rẹ̀ ṣe epo ni ẹmu ti ń wá. Ògùrọ̀ ní tirẹ̀ ń wá láti ara igi ògùrọ̀ tó ń hù ní àbàtà. Bí omi yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sínú akèrègbè adẹ́mu, ṣúgà inú rẹ̀ lè tó 10 sí 12 nínú 100. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ojú wa kò lè rí ti wà níbẹ̀, kíá ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà. Ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì, gáàsì yẹn ló ń jẹ́ kó máa hó. Láàárín wákàtí díẹ̀, ọtí inú rẹ̀ lè tó 4 nínú 100, bíi ti bíà. Tó bá di ọjọ́ kejì, kíkan á bẹ̀rẹ̀ sí í borí adùn.

Bí a ṣe ń tọ́ ọ wò

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀: ó yẹ kó funfun bí omi ògì, kó máa hó díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mu ẹnu kan, kí ẹ jẹ́ kó káàkiri ẹnu kí ẹ tó gbé e mì.

Níbo la ti ń mọ àbùlà? Ẹ bu díẹ̀ sínú ife, ẹ dúró fún wákàtí kan sí méjì, kí ẹ tún tọ́ ọ wò. Adùn ẹmu gidi á ti dín, agbára rẹ̀ á ti pọ̀ sí i. Èyí tí wọ́n bomi là, tí wọ́n fi sakarín dùn, adùn rẹ̀ kì í fẹ́ẹ́ lọ, torí ìwúkàrà kò lè jẹ sakarín. Á tún fi kíkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n.

Oúnjẹ wo ló bá a mu?

Ẹmu tuntun tó ṣì dùn ló yẹ ohun tó ta: àsun, sùyà, ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀. Adùn rẹ̀ ló ń pẹ̀tù sí ata. Èyí tó ti lo ìdajì ọjọ́, tó ti ń kan díẹ̀, ẹran ọlọ́ràá ló yẹ. Kíkan náà ló ń fọ ọ̀rá kúrò lẹ́nu. Èyí tó ti le, ẹ má mu ún lórí ìyà. Ẹ fi iṣu sísun àti epo pupa tì í.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn Faransé ń lò fún wáìnì pupa ilẹ̀ òtútù. Ní Burgundy, kíkan èso àjàrà Pinot Noir kì í tán. Wọ́n máa ń fi jẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n tún ń fi wáìnì ibẹ̀ se ẹran màlúù. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé irú ìgò bẹ́ẹ̀ wá sóde àríyá, tí ẹ rí i pé ó kan, ẹ má sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, kí ẹ fi ẹran díndín tí ata rẹ̀ kò pọ̀ tì í. Ata líle máa ń jẹ́ kí ọtí inú wáìnì ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun.

Ká tó lọ

Ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì ẹmu pinpin nínú mọ́tò, pàápàá nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Abuja. Gáàsì lè bẹ́ ẹ. Inú fìríìjì ni kó wà, òtútù ń dá ìwúkàrà dúró díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, aláboyún, àti ẹni tó máa wakọ̀ lọ sílé, ohun mímu tí kò ní ọtí nínú ni kí ẹ gbé fún wọn, tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwa fúnra wa la tọ́ ẹmu wò lẹ́ẹ̀mejì ká tó sanwó. Bàbá yẹn mu ife tiẹ̀ tán, ó ní ká bu òmíràn wá.