Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn fún àìsàn etí inú

Àyẹ̀wò ìgbọ́ràn fún àìsàn etí inú ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ìgbọ́ràn ń gbà mọ̀ bóyá etí inú tàbí iṣan ìgbọ́ràn ni ó bàjẹ́, àti bí ìbàjẹ́ náà ti pọ̀ tó. Ariwo ńlá tí kò dáwọ́ dúró wà lára ohun tí ń fa ìbàjẹ́ yìí. Nítorí náà, àyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti fún àwọn tí ń ṣòwò nítòsí jẹnẹrétọ̀ ní òpópónà Allen Avenue.

Bí etí inú ṣe ń bàjẹ́

Nínú etí inú ni ẹ̀yà kan wà tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun inú rẹ̀ ni ó ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ. Bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù padà lára ènìyàn.

Ìṣètò ẹ̀rọ

Ìró láti 250 Hz dé 8000 Hz ni a ń dán wò. A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1000 Hz ní etí tí ó sàn jù. Ìbàjẹ́ tí ariwo fà sábà máa ń hàn láàárín 3000 Hz àti 6000 Hz, pàápàá ní 4000 Hz. Nítorí náà, kò yẹ kí a fo 3000 àti 6000.

Bí ẹni náà bá gbọ́ ìró, a ó dín in kù ní 10 dB. Bí kò bá gbọ́, a ó fi 5 dB kún un, títí a ó fi rí ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó lè gbọ́.

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà: ti afẹ́fẹ́, nípa ẹ̀rọ àgbékétí, àti ti egungun, nípa ẹ̀rọ agbọ̀nrìrì tí a gbé sí egungun ẹ̀yìn etí. Bí èsì méjèèjì bá jọ lọ sílẹ̀, etí inú tàbí iṣan ni ó ní àrùn. Bí ti egungun bá dára ṣùgbọ́n tí ti afẹ́fẹ́ kò dára, etí òde tàbí etí àárín ni kí a yẹ̀ wò. Nígbà tí ìgbọ́ràn etí méjèèjì bá yàtọ̀ púpọ̀, a ó fi ariwo dí etí tí ó sàn jù, kí ó má baà dáhùn fún èkejì.

Àyíká àyẹ̀wò

Ariwo jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù lè bo ìró tí ó rinlẹ̀ bíi 250 Hz àti 500 Hz mọ́lẹ̀, kí etí tí ó dá ṣáṣá sì dà bí èyí tí ó ní àrùn. Ìdí nìyí tí a fi ń lo yàrá tí kò gba ariwo wọlé. A gbọ́dọ̀ yọ ìdọ̀tí etí, kí a sì máa tún òṣùwọ̀n ẹ̀rọ náà yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ti kúrò nínú ariwo fún ó kéré tán wákàtí 14, nítorí pé ariwo lè mú kí etí di fún ìgbà díẹ̀.

Ìtumọ̀ èsì

Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìgbọ́ràn dára bí ìpíndọ́gba èsì ní 500, 1000, 2000 àti 4000 Hz kò bá tó 20 dB. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba yìí lè dára nígbà tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 4000 Hz. Nítorí náà, ìró kọ̀ọ̀kan ni a ń wò. Bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni: dókítà etí gbọ́dọ̀ rí i kíákíá, nítorí pé ìtọ́jú tètè lè dá ìgbọ́ràn padà.