Kí Èèrà Tó Mọ̀

Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé Kàbà, èèrà ni láàbù àwọn àgbà. Bí ẹnìkan bá tọ̀ sẹ́yìnkùlé lóru, tí èèrà sì ya bo ojú ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn á ní kí ará ilé máa ṣọ́ ẹni náà. Àtọ̀gbẹ nìyẹn: à ń tọ̀, à ń gbẹ. Èèrà kò purọ́. Àléébù kan ló ní: ó máa ń pẹ́ kó tó mọ̀.

Kíndìnrín ni asẹ́ ara. Bó ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dá ṣúgà padà sínú rẹ̀, torí ara kì í fi oúnjẹ ṣòfò. Àfi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bí 180 mg/dL ni agbára asẹ́ kì í gbé e mọ́, tí ìyókù á dà sínú ìtọ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ bá ní 126, tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń kọ ní 7.0, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò tó sì jẹ́ bákan náà, àtọ̀gbẹ ni dókítà máa pè é. Ẹni tó ní 140 láàárọ̀ lè tọ̀ kí èèrà má yà síbẹ̀.

Ní 1776, Matthew Dobson, dókítà kan ní Liverpool, gbé ìtọ̀ aláìsàn rẹ̀ ka iná jẹ́jẹ́ títí ó fi gbẹ. Ohun tó kù dùn bíi ṣúgà. Ó tọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà wò, òun náà ládùn. Látìgbà náà ló ti hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá a.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìyá kan dé láàbù. Látìgbà tó ti jẹ iyán lálẹ́ àná, omi nìkan ló kàn án lẹ́nu. Wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn lápá, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì dà á sínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ láwọ̀ eérú. Ìdérí yẹn nítumọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò tíì kú. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà, nǹkan bí 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Flúóráìdì inú ìgò náà ló ń dí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá fi ìgò lásán gbé e gba Ọbájánà lọ sí Lókója, 130 lè di 115 láàárín wákàtí méjì, kí wọ́n sì ní kí aláìsàn máa lọ sílé, kò sí nǹkan.

Àyẹ̀wò kejì ni HbA1c, kò béèrè pé kéèyàn gbààwẹ̀. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, nǹkan bí 120 ọjọ́ sì ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò láyé, nítorí náà ó ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta. Bó bá tó 6.5 nínú 100, àtọ̀gbẹ ni. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) AS lè da àyẹ̀wò yìí láàmú. Ìwádìí kan láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi hàn ní 2017 pé, bí ṣúgà bá tiẹ̀ dọ́gba, HbA1c ẹni tó jẹ́ AS máa ń kéré sí ti AA. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí 24 nínú 100 ló jẹ́ AS.

Ǹjẹ́ a lè mọ̀ kí ṣúgà tó ga rárá? Ẹni tó bá wo àkìtàn ẹ̀yìn ilé ìdáná á mọ ohun tí wọ́n sè: èèpo iṣu ni, tàbí háhá àgbàdo. Ara náà ń dáná tirẹ̀, ó sì ń fi àwọn nǹkan wínníwínní sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní metabolite. Ẹ̀rọ mass spectrometer ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀: ó fi iná mànàmáná gbá wọn, ó sì ń wọn bí kálukú ṣe wúwo tó. Bí obìnrin tó ń fẹ́ ọkà bàbà ni: atẹ́gùn kan náà ló fẹ́ wọn, àmọ́ ìyàngbò fò lọ jìnnà, hóró balẹ̀ nítòsí.

Ní Framingham, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣọ́ ènìyàn 2,422 tí ṣúgà wọn dára, fún ọdún 12. Èsì jáde ní 2011: nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó padà ní àtọ̀gbẹ, metabolite márùn-ún tó jẹ́ amino acid, lára wọn leucine àti valine, ti ga tipẹ́. Ewu àrùn náà fún àwọn tí mẹ́ta nínú wọn ga jù lára wọn lé ní ìlọ́po márùn-ún ti àwọn tí tiwọn kéré jù.

Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe àrùn. Sísanra náà lè gbé wọn sókè. Àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú ìwádìí yẹn, wọn kì í jẹ iyán bíi tiwa. Charles Rotimi, onímọ̀ apilẹ̀ àbùdá, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, Èkó, Enugu àti Accra, wọ́n sì rí apilẹ̀ àbùdá kan tó tan mọ́ àtọ̀gbẹ, ZRANB3, ní 2019. Ó ku kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí metabolite gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀rọ amúǹkan-dì tó tutù dé -80°C ló sì ń fẹ́, èyí tí iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú kò lè gbé.

Ní báyìí ná, ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ lè débẹ̀ ṣáájú èèrà. Kó jí lọ sí láàbù láìjẹun, kó sọ bóyá AA tàbí AS lòun, kó sì wo àwọ̀ ìdérí ìgò kó tó na apá.