Ta Ni Ó Bi Ọmọ Náà Léèrè?

Ìkòyí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe ti Èkó o. Ìkòyí tiwa wà ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láàrin àwọn ènìyàn tí ìkíni wọn, "okun", ti di orúkọ fún. Ní àkókò kajú, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo lọ kí ìyá mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo rí ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ó ń ṣa kajú lẹ́yìn ilé wa. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Nígbà tó nawọ́ gba omi lọ́wọ́ mi, mo rí àpá ọ̀bẹ gbígbóná mẹ́ta ní apá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì jinná.

N kò ní dárúkọ rẹ̀. Òfin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gan-an ló ní kí a má ṣe tú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síta.

Ìyá mi kò dákẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn àgbà àdúgbò lọ, wọ́n sì pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọmọ náà kò ní ìyá mọ́. Bàbá rẹ̀ ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní Àbújá, ó sì ti fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí kò jiyàn. Ó ní ọmọ náà jí ẹran nínú ìkòkò. Wọ́n bá a wí gidigidi, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. Wọ́n pa obì. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọmọ náà tẹ̀lé obìnrin náà padà sí ilé kan náà, níbi tí ọ̀bẹ kan náà wà.

Nínú gbogbo ìjókòó yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tí mo dábàá ilé-ẹjọ́, bàbá àgbàlagbà kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́." Gbogbo ilé mirí sí i. Mo dákẹ́, nítorí n kò ní èsì. Nígbà tí mo padà lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní wọ́n ti mú ọmọ náà lọ sí ìlú mìíràn. Kò sí ẹni tó lè sọ ìlú náà fún mi.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó jókòó ti òfin. Mo wá rí i pé òwe bàbá náà bá ẹni méjì tó ń jà nítorí ààlà ilẹ̀ mu. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọ̀nà méjì ni irú ọ̀rọ̀ yìí lè gbà dé iwájú adájọ́, ọ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì mọ̀: ti ọlọ́pàá àti ẹ̀wọ̀n, tí ń béèrè irú ìyà tó tọ́ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìbéèrè tí ọ̀nà kejì ń béèrè ni pé: níbo ni ọmọ yìí yóò sùn lálẹ́ òní, ta ni yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ló la ọ̀nà kejì yìí, Ìpínlẹ̀ Kogí pẹ̀lú sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Abala 50 fún ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní wẹ́fíà, láṣẹ láti mú ọmọ tí a pa tì tàbí tí a ń lù nílùkulù wá síwájú ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ Ìdílé ni wọ́n ń pè é, ìpele méjì ló sì ní: ti ilé-ẹjọ́ gíga àti ti májísíréètì. Lọ́dọ̀ májísíréètì, olùgbani-nímọ̀ràn méjì ń bá a jókòó. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, èkejì sì ní láti jẹ́ ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá ọmọdé lò. Wọn kì í jẹ́ kí èrò wọlé, àwa oníròyìn pàápàá kò gbọ́dọ̀ yọjú. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin náà tún ní kí wọ́n ṣe ìgbẹ́jọ́ náà pẹ̀lú òye, kí ọmọ lè sọ tẹnu rẹ̀.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ nìyẹn: kí ọmọ sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ará ilé ni pé ìjọba yóò gba ọmọ lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ lè fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan mìíràn tó yẹ, ìyá àgbà fún àpẹẹrẹ. Ó sì lè dá a padà sílé, kí ó pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa bójú tó o níbẹ̀. Àbójútó yìí gan-an ni ohun tí ìpàdé wa kò ní. Àwọn àgbà wa mọ bí a ti ń bá ènìyàn wí, n kò sì ní fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a jẹ obì tán, ta ló tún lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin náà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó ti borí ìṣòro yìí. Victoria Climbié, ọmọ Côte d'Ivoire, bá ìbátan bàbá rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó nítorí ẹ̀kọ́, bí àwa náà ti ń fi ọmọ ránṣẹ́. Ìyà pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Dókítà rí i, ọlọ́pàá gbọ́ nípa rẹ̀, wẹ́fíà ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwádìí tí Lord Laming gbé jáde ní ọdún 2003 ka ìgbà méjìlá, ó kéré tán, tí wọ́n ìbá ti gbà á là. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dé iwájú adájọ́ tí ì bá mú un kúrò nínú ilé náà.

Lóòótọ́, ilé-ẹjọ́ jìnnà sí oko, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ẹjọ́ tí a sún síwájú lẹ́ẹ̀mẹta lè rẹ ẹlẹ́rìí débi tí kò ní padà wá mọ́. N kò lè bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Ní oṣù tó kọjá, ìyá mi pè mí lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan tún ni o, ní òpópónà kejì. Ó ti ń sùn sí ẹ̀yìn ilé ìdáná láti ọjọ́ mélòó kan. Màmá ní àwọn àgbà fẹ́ pé jọ ní ìrọ̀lẹ́, ta ni kí àwọn kọ́kọ́ pè? Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹni kan sí wẹ́fíà ní Ìyàrá kí obì tó délẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Mo ti bi ọmọ náà léèrè ibi tó wù ú láti sùn," ni Màmá wí. "Ó ní ọ̀dọ̀ mi ni."